Ẹsẹ̀ Méjì Tó Kù fún Èmi àti Músíbáù

Èmi nìkan ni ọmọ Ilare tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbìyànjú láti dá padà sílé fúnra rẹ̀ láti òkè òkun. Ọjọ́ tí wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì mi, kí dókítà tó yíjú padà, ẹsẹ̀ náà ti sọ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì, ó ti wọ bàtà, ó ti kọrí sí pápákọ̀ òfurufú. Ifẹ̀, níbi tí Ilare wà, ló ń lọ. Wọ́n ní ó tò sórí ìlà bí ọmọlúàbí, kò ti ẹnikẹ́ni, kò bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Àwọn aṣọ́bodè ló dá a padà nítorí pé kò ní ìwé ìrìnnà. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi ẹsẹ̀ náà.

Káfíńtà ni mí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Nígbà tí mo dé ìwé keje, èmi àti tísà ò gbọ́ ara wa yé mọ́, ẹnìkan nínú wa sì ní láti kúrò. Òun ló ni pátákó, torí náà èmi ni mo kúrò. Ìdajì àwọn ilẹ̀kùn tó wà ní Ilare, èmi ni mo kàn wọ́n. Ìdajì yòókù ni ẹ máa ń gbọ́ tó ń han gooro nígbà tí wọ́n bá ń ṣí i. Lẹ́yìn tí ìyá àwọn ọmọ mi papò dà, ọmọbìnrin mi, Mọ́rẹ́nikẹ́, tó ti ń gbé ìlú òyìnbó tipẹ́, ní òun ò lè fi mí sílẹ̀ kí n máa bá ògiri sọ̀rọ̀. Ó ní kí n máa bọ̀. Mo lọ. Mi ò ní fi bí mo ṣe lọ dá yín lágara. Ọkọ̀ òfurufú gbé mi, ó sì gbé mi kalẹ̀.

Òtútù ni gbogbo ẹni tó bá ti ọ̀hún dé máa ń ròyìn. Òtútù kọ́ ló bà mí lẹ́rù. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé wọn kì í kí ara wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, mo jáde sójú pópó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn bí a ti ń kí nílé: ẹ kú àárọ̀, ṣé ẹ jí dáadáa, ará ilé ńkọ́. Mo kí ènìyàn mẹ́tàdínlógún. Ajá kan ló dáhùn.

Mọ́rẹ́nikẹ́ ní, "Bàbá, wọn ò gbọ́ Yorùbá."

Mo ní, "Ajá náà ò gbọ́ ọ. Ó ṣáà mọ̀ pé wọ́n kí òun."

Mọ́rẹ́nikẹ́ a jáde lọ síbi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, a wọlé nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Láàárín méjèèjì, èmi àti fíríìjì la wà nílé. Fíríìjì náà máa ń kùn, mo sì máa ń dá a lóhùn. Ọjọ́ tí mo rí i pé mò ń bá a ṣe àríyànjiyàn ni mo mọ̀ pé ó tó kí n wáṣẹ́.

Ilé ìfọṣọ ńlá kan ló gbà mí, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn ilé ìwòsàn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ká wọn. Ẹni tó bá ti fi ọdún púpọ̀ wo igi kó tó gé e, ojú rẹ̀ á mọ ohun tó gún àti ohun tó wọ́. Ọ̀gá ibẹ̀ bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ irú kíká yìí. Mo ní bàbá bàbá mi ló ń ká agbádá àwọn ọba, pé agbádá kan ṣoṣo nínú wọn tó láti fi bo gbogbo ilé ìfọṣọ yìí mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ inú rẹ̀. Ó mi orí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó fi mí ṣe olórí tábìlì kẹta.

Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ fóònù. Àbúrò mi kan ṣoṣo, Músíbáù, télọ̀ ni, ní Ilare níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Sìdí, tísà tó ti fẹ̀yìn tì ni.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé ẹ ti ń funfun báyìí?"

"Ó ti ń kàn mí díẹ̀díẹ̀. Etí ló kù."

"Sìdí ní kí n bi yín bóyá ẹ̀ ń jẹun."

"Sọ fún un pé mò ń jẹ ọ̀dùnkún bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ de ọdún."

Èmi pẹ̀lú Músíbáù, ọmọ ìyá ni wá. Ẹnikẹ́ni kì í dá nǹkan jẹ nínú wa. Bí ìyá wa bá se ẹyin kan, òwú la fi ń là á sí méjì kí ìdajì kan má baà ju èkejì. Nígbà tí a dàgbà tí a sì ya òpè, sìgá kan náà la jọ ń fà. Èmi a fa orí rẹ̀, òun a fa ìdí rẹ̀. Ó lé ní ogójì ọdún tí a fi fà á.

Lọ́dún kejì ni ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í yarí. Bí mo bá ti rìn dé òpó iná kẹta, ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ òsì mi a lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún omi rẹ̀. Bí mo bá dúró díẹ̀, a tú. Kí n tún rìn dé òpó mẹ́ta, a tún lọ́. Ojú ń tì mí kí wọ́n máa wò mí bí ẹni tí kò lè rìn, torí náà mo máa ń dúró níwájú ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn, mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tí ìjọba rán níṣẹ́. Ọkùnrin kan ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ kan, ó bi mí pé kí ni mò ń wò. Mo ní ínjì, irin tó di òkè ilẹ̀kùn rẹ̀ mú, yóò já ní Ọjọ́bọ̀. Ó já ní Ọjọ́bọ̀. Láti ìgbà náà, bó bá ti rí mi, a gbé tíì jáde, a sì kí mi. Ẹni àkọ́kọ́ tó kí mi ní ìlú náà nìyẹn, ìrora ẹsẹ̀ ló sì mú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Mi ò sọ fún Mọ́rẹ́nikẹ́. Mi ò sọ fún Músíbáù náà. Mi ò mọ̀ pé òun náà ń fi tirẹ̀ pa mọ́ fún mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Sìdí pè mí. Níwọ̀n bí kì í ti í ṣe ọjọ́ Àìkú, mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ire kí n tó gbé e.

"Bàbá wa, wọ́n ti gé e."

"Wọ́n gé kí ni?"

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún. Èyí tó fi ń tẹ máṣíìnì. Ọgbẹ́ kan ló wà níbẹ̀ tí kò jinná, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀ mọ́."

"Gbé fóònù fún un."

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má sunkún. Bàtà ti dínwó fún mi."

Mo rẹ́rìn-ín sí i létí, mo sì wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé ìfọṣọ lọ, mo ti ilẹ̀kùn. Ohun tí mo ṣe níbẹ̀, èmi àti Ọlọ́run la mọ̀ ọ́n.

Oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì mi dúdú bí èédú. Wọ́n tẹ́ mi sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì fọwọ́ kan aṣọ ibùsùn tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ mi. Láti ilé ìfọṣọ wa ló ti wá. Tábìlì kẹrin ló ká a. Wọn ò mọṣẹ́ níbẹ̀. Ìbínú aṣọ yẹn ni mo gbé sùn tí wọ́n fi gé ẹsẹ̀ mi.

Nígbà tí mo jí, mo pe Músíbáù. Mo ní, "Ọ̀tún ni tìrẹ. Òsì ni tèmi."

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ra bàtà kan."

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ la ṣe. Mo ra bàtà awọ kan, mo wọ ti ọ̀tún, mo fi ti òsì rán ẹni tó ń bọ̀ wá sílé. Músíbáù ní ó fẹ̀ díẹ̀. Mo ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kéré láti inú wá. Títí wọ́n fi fún mi ní ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, bàtà kan náà la jọ ń wọ̀, èmi lókè òkun, òun ní Ilare. Bí inú mi bá bàjẹ́, mo máa ń wo ẹsẹ̀ mi, mo máa ń sọ pé èkejì rẹ̀ ń rìn nílé lọ́wọ́lọ́wọ́.

Bàtà yìí ló tì wá dé ibi àṣìṣe.

Nígbà tí mo ń kúrò nílé ìwòsàn, wọ́n kó oríṣi oògùn mẹ́ta fún mi. Ọ̀kan kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ọ̀kan ń bá ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ jà, ọ̀kan wà fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n ní ojoojúmọ́ ni, títí ọjọ́ ayé mi. Mo gbà á, ṣùgbọ́n nínú mi mo ní: wọ́n ti gé ẹsẹ̀ tó ń ṣàìsàn, wọ́n ti gbé e lọ, ta ni wọ́n tún fẹ́ wò?

Ní Ilare, Músíbáù ti pa tirẹ̀ tì. Ó ní èyí tí wọ́n ń rà fún òun ní Ifẹ̀ ń jó òun láyà, pé ayédèrú ni. "Èyí tí òyìnbó ń lò fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́, Bọ̀ọ̀dá. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín yẹn."

Báwo ni ẹni tó ń la ẹyin sí méjì yóò ṣe sọ pé rárá? Mo pín in. Ọjọ́ kan tèmi, ọjọ́ kejì tirẹ̀. Mo máa ń gé káàdì oògùn sí méjì, mo máa ń fi tirẹ̀ sínú ìbọ̀sẹ̀, mo máa ń rán an sí i. Bí ẹni tó ń bọ̀ wálé bá pẹ́, Músíbáù a tún fi eyín gé ìdajì tirẹ̀ sí méjì kó lè pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú àwa méjèèjì dùn. A rò pé a rí ọgbọ́n kan tí dókítà ò mọ̀.

Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń darí bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń kọ́ mi bí mo ṣe máa fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá rìn. Mo fẹ́ gbé ọ̀pá mi, ọwọ́ ọ̀tún mi ò lọ. Mo pàṣẹ fún un, ó jókòó sórí itan mi bí àlejò. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí léèrè nǹkan kan. Mo ya ẹnu láti dá a lóhùn, ohun tó jáde kò yàtọ̀ sí ìgbà tí ènìyàn bá fi ẹ̀kọ gbígbóná sẹ́nu. Èmi, tí ọ̀rọ̀ kò tíì wọ́n lẹ́nu rẹ̀ rí. Kò ju ìgbà tí àgbàdo fi ń jinná lórí ẹyin iná lọ, ọwọ́ padà, ohùn padà. Ṣùgbọ́n mo ti rí i. Mo ti rí ilé tí wọ́n ń pè ní rọpárọsẹ̀, mo ti dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ilẹ̀kùn ibẹ̀ sì ṣí sílẹ̀.

Nílé ìwòsàn, dókítà ní ìkìlọ̀ ni. Ó bi mí bóyá mò ń lo oògùn mi. Mo ní lójoojúmọ́. Mọ́rẹ́nikẹ́ kàn wò mí. Ojú ìyá rẹ̀ ló fi wò mí.

Nǹkan kan wà tí mi ò tíì sọ fún yín. Ní ìlú náà, kí wọ́n tó fún ọ ní ohunkóhun, ọjọ́ ìbí rẹ ni wọn yóò kọ́kọ́ bi ọ́. Nílé, wọ́n mọ̀ mí nítorí pé wọ́n mọ bàbá mi, wọ́n mọ ilé wa, wọ́n mọ ọjọ́ tí mo jábọ́ lórí òrùlé. Èmi ò mọ ọjọ́ ìbí mi. Ìyá mi ní òjò ń rọ̀. Torí náà, mo yan ọjọ́ kan fúnra mi, òun ni wọ́n sì fi mọ̀ mí níbẹ̀. Nígbà mìíràn, mo máa ń rò pé ọkùnrin méjì ni mí: ọ̀kan tí wọ́n mọ ní Ilare, tí kò ní ọjọ́, àti ọ̀kan tó ní ọjọ́, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ bi mí ju ọjọ́ ìbí lọ ni apòògùn tó ń kó oògùn fún mi. Àkósúà lorúkọ rẹ̀. Gáánà ni wọ́n ti bí i. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì yẹn, ó pè mí sínú yàrá kékeré kan tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń to oògùn sí.

"Pàápá, oògùn yìí, ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń lò ó?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un nípa ológìnní kan tó máa ń jí oògùn jẹ.

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà ní Kùmásì. Èmi náà ti fi oògùn ránṣẹ́ sílé rí kí n tó kọ́ṣẹ́. Ta ni ẹ̀ ń bù fún?"

Mo sọ fún un. Mo sọ ti ẹyin, ti sìgá, ti bàtà. Kò rẹ́rìn-ín.

"Pàápá, ẹsẹ̀ yẹn kọ́ ló ń ṣàìsàn. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ fojú hàn ni. Àwọn iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà nínú gbogbo ara yín ló ń dí. Ẹsẹ̀ tó kù wà níbẹ̀, ọkàn wà níbẹ̀, ọpọlọ wà níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti gé lẹ́sẹ̀ gan-an ló yẹ kó mú oògùn yìí le jù, àwọn náà ló sì máa ń pa á tì jù."

"A pín in dọ́gba ni," ni mo wí.

"Ẹ pín in dọ́gba lóòótọ́. Kò bo ẹ̀yin, kò bo òun. Bàtà kan lè pín sí méjì. Èyí ò lè pín."

Ó ní ohun mìíràn tún wà: èyí tó bá èmi mu lè má bá Músíbáù mu. Dókítà tó wà ní Ifẹ̀, tó lè fọwọ́ kan Músíbáù, òun ló yẹ kó sọ èyí tí yóò lò. Àti pé irú oògùn wọ̀nyí kò ṣọ̀wọ́n. Wọ́n ń tà á nílé.

Mo ní, "Kò ní í lò ó. Ó ní ti òyìnbó lòun fẹ́."

Láti ọjọ́ náà, mò ń lo tèmi pé. Ní ti Músíbáù, a wá ọ̀nà sí i. Lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, mo máa ń fi oògùn ránṣẹ́ sí i láti ọ̀hún, odindi tirẹ̀, nínú páálí funfun tí wọ́n fi lẹ́tà òyìnbó kọ ara rẹ̀. Sìdí ló ń gbà á, òun ló sì ń gbé páálí náà fún un. Músíbáù máa ń pè mí pé, "Bọ̀ọ̀dá, oògùn dé. Ẹ wo nǹkan gidi. Kò jó mi láyà rárá." Bí mo ṣe sọ ọ́ fún un nìyẹn, bí mo ṣe sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà nìyẹn.

Mo padà wálé fún ìsinmi. Mo bá Músíbáù lọ́dẹ̀dẹ̀, a jókòó, a kọjú sí ara wa, a wo ẹsẹ̀ méjì tó kù fún wa. Ó sanra díẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ dán, ó gbóná, mo fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀kadà gbé ọkùnrin kan dé láti Ìpetumodù, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ dábùú orí itan. Àgbẹ̀ ni, Bàbá Àlàbá ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ti gé òun náà lẹ́sẹ̀. Músíbáù kí i tayọ̀tayọ̀, ó gbé páálí funfun wá, ó mú àlùmọ́gàjí tó fi ń gé aṣọ, ó fa káàdì oògùn kan jáde, ó sì fi àlùmọ́gàjí há a láàárín.

Mo ní, "Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń bù fún Bàbá Àlàbá. Oṣù kejì rèé. Ọjọ́ kan tèmi, ọjọ́ kan tirẹ̀."

Sìdí ń gbé omi bọ̀. Ó dúró.

Mo ní, "Músíbáù, gbé àlùmọ́gàjí yẹn sílẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, Bọ̀ọ̀dá."

"Èmi ni mo kọ́ ọ, ọwọ́ mi sì kú nínú bọ́ọ̀sì."

"Ẹ ó ṣáà tún fi òmíràn ránṣẹ́. Ìlú òyìnbó ni. Ibo ni Bàbá Àlàbá ti máa rí irú èyí ní Ìpetumodù?"

Mo wo ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó kù fún un. Mo wo ti àgbẹ̀ náà. Mo ní, "Yóò rí i níbi tí o ti ń rí i. Mi ò fi oògùn kankan ránṣẹ́ mọ́ láti ìgbà tí ọwọ́ mi ti kú. Páálí òfìfo ni mo ń fi ránṣẹ́. Oògùn inú rẹ̀, Ifẹ̀ níbí ni Sìdí ti ń rà á, nílé oògùn, pẹ̀lú ìwé dókítà tó gé ọ lẹ́sẹ̀. Òun ló ń kó o sínú páálí."

Músíbáù yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Èyí tó ń jó mi láyà tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

Sìdí gbé omi kalẹ̀. "Mo rò ó fún dókítà. Ó pààrọ̀ ọ̀kan, ó sì ní kí n má jẹ́ kó o lò ó mọ́ kó o tó jẹun."

Bàbá Àlàbá dá sí i. "Ẹ jọ̀ọ́, dókítà náà, ọjọ́ wo ló máa ń jókòó?"

Sìdí ní ọjọ́ Ajé, ó ní òun yóò bá a lọ. Músíbáù wá bú sẹ́rìn-ín, ó gbá mi lẹ́yìn, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, irọ́ yín ló gba ẹsẹ̀ mi là," àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì rẹ́rìn-ín títí omi fi dà sílẹ̀.

Rárá o. Ẹ̀rín yẹn, èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀. Músíbáù ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀, ó wọlé, ó sì fi ọjọ́ mẹ́rin bá mi yan odì, títí mo fi padà. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lẹ́yìn tó bá jẹun tán, mo rí i tó la àtẹ́lẹwọ́ sí Sìdí, tó sì gbé gbogbo rẹ̀ mì láìgé ọ̀kankan sí méjì. Apá ibẹ̀ yẹn, òótọ́ ni.